Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kó Má Lùlù

Lọ́dún 2009, mo gbé snare mi, ìlù pẹlẹbẹ kan tó máa ń dún ka, láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ìró màmá mi àtijọ́ kan ni mo fi wé e, torí àpò rẹ̀ ti ya, mo sì gbé e lé itan láti Ìwó Róòdù títí a fi dé Bẹ́gà. Obìnrin kan tó ń kọrin ìyìn ló pè mí. Ó ti gbọ́ mi níbi ìsọjí kan, ó ní ìlù mi ń gbé èèyàn fò, ó sì fẹ́ kí n wá bá òun lùlù sínú àwo tóun fẹ́ gbé jáde. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń lu jáàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn. (Ìlù tí àwọn òyìnbó ń pè ní drum set, jáàsì làwa ń pè é. Tó bá jẹ́ oògùn ni orúkọ yẹn mú wá sí yín lọ́kàn, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀.)

Sítúdíò náà ò ju yàrá kan lọ. Kéréètì ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Puródúsà tó wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù kọ́ mi létí, ó ní kí n máa bá klíìkì lọ, ìyẹn ohùn ẹ̀rọ tó ń ka eré orin. Kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Mi ò bá klíìkì pàdé rí láyé mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, Ẹ̀mí ni klíìkì. Tí ìyìn bá gbóná, gbogbo wa á jọ sáré. Tí ìjọsìn bá wọlé, gbogbo wa á jọ rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé eré rẹ ti ṣe jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé ègbè, mo ti fi klíìkì sílẹ̀ bí ìgbà tí abiyamọ bá gbàgbé ọmọ sọ́jà. A tún un ṣe, mo tún sáré. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń ṣọ́ klíìkì náà débi pé ìlù kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun. Ẹ lọ sinmi díẹ̀."

Ló bá kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó ṣí Fruity Loops, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìlù. Mi ò tíì mu píọ̀ wọ́tà tí wọ́n fún mi tán tí mo fi gbọ́ ìlù tí èmi fúnra mi lù látinú sípíkà. Kíìkì, ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, wà níbi tí mo fi í sí, snare wà níbi tí mo fi í sí, àmọ́ gbogbo rẹ̀ tò gún régé bí àwọn ọmọléèwé lórí ìlà àárọ̀. Mo wé snare mi padà sínú ìró. Mi ò dágbére fún obìnrin tó pè mí wá. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé Ìbàdàn, mi ò gbé e. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì. Ìtìjú ò jẹ́ kí n gbé ìyẹn náà.

Ó tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn kí n tó gbọ́ ìtàn Kenny Aronoff, onílù ará Amẹ́ríkà. Òru ni, kò síná, mo ń fi dátà tó kù lórí fóònù mi wo àwọn onílù, ni ọkùnrin kan tó fá orí kodoro, tó wọ awò dúdú, bá jókòó tó ń rẹ́rìn-ín ìgbà tí wọ́n yọ òun kúrò nídìí ìlù. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Tẹ́ ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló lùlù fún John Mellencamp, olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun ló wà nídìí ìlù nígbà tí Jon Bon Jovi ṣe àwo Blaze of Glory lọ́dún 1990, òun náà ló wà nínú Under the Red Sky tí Bob Dylan gbé jáde lọ́dún yẹn, òun ni Meat Loaf sì gbé jókòó sídìí ìlù nínú Bat Out of Hell II lọ́dún 1993. Olórin mẹ́rin tí ohùn wọn ò jọra, tí ìwà wọn ò sì jọra, onílù kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Wọ́n bí i ní Albany, ní ìpínlẹ̀ New York, lọ́dún 1953, àmọ́ Stockbridge, ìlú kékeré kan ní Massachusetts, ló ti dàgbà. Ìbejì ni. Kò sí Àyàn nínú orúkọ ìdílé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nínú oṣù Èrèlé ọdún 1964, ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn ló sì sọ ọ́ di onílù.

Nílé tiwa, ọmọ tó máa di onílù kì í dúró de tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ kóun fúnra rẹ̀ tó mọ̀: Àyàndélé, Àyàntúndé. Á máa tọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn lọ sóde ìnáwó. Wọ́n á fi kánnángó tàbí omele kọ́ ọ lọ́wọ́, wọ́n á gbé gúdúgúdú kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyáàlù. Gúdúgúdú kì í ki ẹnikẹ́ni. Òun kọ́ ló ń pe olówó jáde kó wá náwó. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, ìyáàlù á máa sọ tiẹ̀ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó á sì máa wá ilẹ̀ tì. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé klíìkì tí mo bá pàdé ní Èkó lọ́jọ́ yẹn, àwọn baba wa ti ní tiwọn: gúdúgúdú ni. Ilé Àyàn kọ́ ni mo ti wá. Tẹ́là ni bàbá mi. Nídìí jáàsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nídìí ìyáàlù tààrà, torí pé bọ̀dá tó ń lù ú ṣáájú mi wọ yunifásítì lọ, kò sì sẹ́lòmíì tó lè gbé igi méjì dání. Àwọn àgbàlagbà pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. Mi ò jókòó sídìí gúdúgúdú fún ọjọ́ kan.

Aronoff jókòó, tiẹ̀ tún pọ̀ lápọ̀jù. Ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn ni Tanglewood wà, níbi tí Boston Symphony Orchestra, ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin, máa ń lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kọ́ ìlù lọ́dọ̀ Vic Firth àti Arthur Press, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó lo ọdún kan ní yunifásítì Massachusetts kó tó lọ sí Indiana University ní Bloomington, George Gaber sì ni ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe jáàsì ni wọ́n ń kọ́ ọ o. Timpani ni, ìlù oníkòkò bàbà ńláńlá tí ìdí wọn rí roboto bíi ti gúdúgúdú, àti marimba, àti kíka àmì orin lórí ìwé bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lùlù ní Tanglewood nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Leonard Bernstein, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká adarí orin, darí. Nígbà tó jáde lọ́dún 1976, irú ẹgbẹ́ bíi ti Boston tó wà ní Jerúsálẹ́mù fẹ́ gbà á síṣẹ́.

Iṣẹ́ olówó oṣù. Ó ní òun ò ṣe.

Tó bá jẹ́ ilé wa ni, wọ́n á ti pe pásítọ̀. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló padà sí, ó ń dá ìlù kọ́, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá méjì. Ọ̀kan ni Alan Dawson ní Boston, tó kọ́ gbajúmọ̀ onílù Amẹ́ríkà nì, Tony Williams, ní ìlù. Èkejì ni Gary Chester ní New York, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú àwọn tó ń lùlù ní sítúdíò fún owó. Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe tó dùn mọ́ mi nínú gan-an nígbà tí mo gbọ́: wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹnu kọ ọ́ bó ṣe ń fọwọ́ lù ú. Dawson á ní kó o máa kọ ohùn orin náà síta bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ tiwọn. Chester á ní kó o fẹnu pe ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, lẹ́yìn náà ohun tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣe, kó o má sì dá ìlù dúró. Ẹni tó bá ti rí bí bàbá onílù ṣe ń kọ́ ọmọ, tó ń fẹnu sọ ọ́ kí ọmọ tó fi ọ̀pá sọ ọ́, ó mọ̀ pé ohun tí ẹnu ò bá lè sọ, ọwọ́ ò ní í mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 1980, John Mellencamp, tí wọ́n ń pè ní John Cougar nígbà yẹn, ń wá onílù. Aronoff lọ dán ara rẹ̀ wò, wọ́n mú un. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ẹgbẹ́ fi lọ sí Los Angeles láti lọ gbohùn sílẹ̀. Steve Cropper ni puródúsà. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ti lò nígbà tí wọ́n sọ fún Aronoff pé kò ní í lùlù nínú àwo náà, kó máa padà sílé. Àwọn alágbàlù Los Angeles méjì, Rick Shlosser àti Ed Greene, ni wọ́n máa lò. (Sessionist làwọn ará wa ń pè wọ́n. Èmi ń pè wọ́n ní alágbàlù, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń fọṣọ fún owó ní alágbàfọ̀.)

Ọkùnrin tí Bernstein ti darí. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ gbà sí Jerúsálẹ́mù.

Ó bi John pé, ṣé òun ṣì ni onílù ẹgbẹ́ náà? John ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ò ní í padà sílé nígbà náà. Òun á wà ní sítúdíò, òun á máa wo bí àwọn ọkùnrin méjèèjì yẹn ṣe máa lu apá tòun, òun á kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀, àǹfààní rẹ̀ á sì padà já sọ́wọ́ John fúnra rẹ̀. Ó ní òun lè sùn sórí àga, kí wọ́n má sì wulẹ̀ sanwó fún òun. Wọ́n gbà fún un. Ó jókòó.

Mo dá fídíò yẹn dúró níbẹ̀. Iná ò tíì dé. Mo ń rí kéréètì ẹyin lára ògiri.

Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ìtàn yìí ló ń sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé inú bí i, ó sì bí i dénú. Ìwọra ni mo pè é, ìwọra tó dáa. Ohun kan wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin yẹn tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ láì jẹ́ pé òun rí i. Ohun tó rí níbẹ̀ sì kéré lójú. Orin oníyára tó kún fún ọgbọ́n ló ti ń lù ní Indiana, àrà lọ́tùn-ún, àrà lósì. Àwọn alágbàlù yẹn ò dá àrà kankan. Wọ́n mú kíìkì àti snare síbi tó yẹ kó wà, wọ́n sì fi í síbẹ̀ títí orin fi tán, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ tó gbọ́ orin náà lórí rédíò lè fọwọ́ gbá ìdarí ọkọ̀ rẹ̀. Aronoff ti wá sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti gbé orin ẹlòmíì dórí rédíò.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí náà kí ẹ má baà sọ pé mi ò rí i. Ẹni tó ní ilé bàbá tó lè padà sí ló lè ní kí wọ́n má sanwó fún òun. Èmi, owó ọkọ̀ tí mo fi wá, mo yá a ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún padà sí sítúdíò, Miami lọ́tẹ̀ yìí, láti ṣe àwo tó di American Fool. Orin kan wà níbẹ̀, Jack & Diane, tí kò fẹ́ jọ ara rẹ̀. Àwọn Bee Gees, ẹgbẹ́ olórin míì, ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà, wọ́n sì ní ẹ̀rọ ìlù tuntun kan níbẹ̀, Linn LM-1, tí Roger Linn gbé jáde lọ́dún 1980. Àwọn ẹ̀rọ ìlù tó wà ṣáájú ń ṣe bíi kòkòrò inú koríko. Eléyìí, ohùn ìlù gidi ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Nǹkan bíi 500 ni wọ́n ṣe lápapọ̀, owó rẹ̀ sì tó ra ọkọ̀. Wọ́n lọ yá a wá. Ẹ fojú inú wo Aronoff: ọdún àkọ́kọ́, èèyàn gba ipò rẹ̀, ọdún kejì, àpótí ló wọlé. Kò jáde. Ó gba ìwé àlàyé ẹ̀rọ náà, ó gbé àpótí náà lọ síbi kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ ìlù náà sínú rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ orin yẹn lónìí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn, àti àtẹ́wọ́, àti gìtá. Àtẹ́wọ́ yẹn ò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Wọ́n kàn ń pa á kí wọ́n má baà sáré ju ara wọn lọ ni, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò tó bá yá, àfìgbà tí wọ́n yọ ọ́ tí orin náà ò dúró mọ́. (Ẹni tó bá ti jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun lóru ọjọ́ tí kò sí ìlù, ì bá ti sọ fún wọn.) Ẹ̀rọ náà á máa lọ, ìtàn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin náà á máa lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á ti kọ ègbè, kò sì tíì sí jáàsì gidi níbẹ̀. Nígbà yẹn ni wọ́n wá sọ fún Aronoff pé kó wọlé sídìí ìlù, kó lu nǹkan kan síbẹ̀. Wọn ò sọ ohun tó máa lù fún un. Láti ibi tí wọ́n jókòó sí dé ìdí ìlù ni gbogbo àkókò tó ní láti rò ó.

Ohun tó lù ò pọ̀. Ìlù ńláńlá ni, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, àyè wà láàárín wọn tí èèyàn fi lè mí, ohùn wọn sì gbòòrò bí ìgbà tí wọ́n ń já igi sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn òfìfo. Lẹ́yìn rẹ̀ gbogbo ayé orin náà yí padà. Ẹ̀rọ tó ti ń dá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ wá di omele lábẹ́ rẹ̀. Orin náà wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dún 1982. Mo ti fi apá yẹn gbọ́ nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù tó ogójì ìgbà, mo ń wá ibi tó ti sáré. Kò sáré.

Ìyókù iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní í ka gbogbo rẹ̀, ó pọ̀. Ó fi ẹgbẹ́ Mellencamp sílẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ó bá Smashing Pumpkins rìnrìn àjò lọ́dún 1998, ó lùlù nínú Blue Moon Swamp tí John Fogerty fi gba Grammy, ó sì bá Fogerty lọ kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ìwé tó máa ń kọ. Tí wọ́n bá pè é síṣẹ́, á gbọ́ orin náà, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tí ẹsẹ orin ti bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí ìlù kọ̀ọ̀kan máa yí, ibi tí kíìkì ti yàtọ̀, ibi tó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìyẹn ló ṣe lè jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn àwọn olórin bíi mẹ́wàá tí kò bá ṣiṣẹ́ rí. Lọ́jọ́ 18, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2009, ọjọ́ méjì kí wọ́n tó búra fún Obama, òun ló ń lùlù níwájú ilé ìrántí Lincoln ní Washington, ó ń bá olórin kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọdún 2009. Ọdún tí wọ́n ní kí n lọ sinmi díẹ̀.

Ìgbà tó sì di 2014, tí wọ́n ń ṣàjọyọ̀ àádọ́ta ọdún tí àwọn Beatles kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wọ́n nílò onílù tó máa bá gbogbo olórin ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, wà níbẹ̀. Ringo, onílù àwọn Beatles fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n pè.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ òyìnbó ni mò ń kọ ìtàn rẹ̀ nígbà tí Tony Allen, onílù Fẹlá, wà. Wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Tony, ọmọ Èkó tí wọ́n bí lọ́dún 1940, kò ti ilé Àyàn wá bákan náà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe nílé rédíò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìlù kọ́ lọ́mọ ọdún méjìdínlógún. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni ojú ìwé magasíìnì kan tí Max Roach, àgbà onílù Amẹ́ríkà kan, ti sọ̀rọ̀ nípa hi-hat, aro méjì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ pa dé. Nígbà tó fi Fẹlá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí onílù kì í jẹ́ kó tán ni pé onílù mẹ́rin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Paris ló ti di alágbàlù àgbáyé, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 2020. Àmọ́ Tony Allen, tí mo bá ń gbọ́ ọ, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé kí n gbé igi mi jùnù. Ọwọ́ mẹ́rin tó ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ta ló fẹ́ kọ́ ìyẹn? Aronoff ló jọ ẹni tí mo lè bá jókòó. Wọ́n ti lé e rí.

Lẹ́yìn òru fídíò yẹn, mo gba klíìkì sórí fóònù. Orí ìrọ̀rí ni mo ti ń lù ú, torí àwọn ará ilé. Ní eré 60, ìyẹn ọgọ́ta kọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, tó lọ́ra bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú kọjá, ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kó tó di pé klíìkì náà ń pòórá sábẹ́ ìlù mi, èyí tó túmọ̀ sí pé mo bá a mu. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àmì orin, lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, lọ́wọ́ organisi ṣọ́ọ̀ṣì míì tó máa ń gbá mi lọ́wọ́ bí ọmọ. Iṣẹ́ wá ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Àwo àwọn kọ́yà, orin ìpolówó ọṣẹ, ọjọ́ kan orin mẹ́fà láàárín wákàtí méjì àbọ̀, owó rẹ̀ ò sì dé títí di ìsinsìnyí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rí nọ́ńbà obìnrin olórin ìyìn yẹn gbà. Ìlú London ló ń gbé báyìí. Mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, mo tọrọ àforíjì ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Ohùn ló fi dá mi lóhùn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sá lọ! Orin kejì ni wọ́n ń dúró dè yín fún. Ìyìn ni, kò ní klíìkì rárá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sinmi, ẹ lọ di ẹrù. Ìrẹsì tí mo sè dè yín, puródúsà ló jẹ ẹ́."

Mo gbọ́ ohùn yẹn nínú mọ́tò. Mo tún un gbọ́ nílé.

Láti ọdún 1993 sí 1997, Aronoff padà sí Bloomington, ó di olùkọ́ ìlù ní yunifásítì tó ti jáde. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Á fò lọ síbi tí wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀, á sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ. Olùkọ́ tó ṣì ń làágùn lẹ́nu iṣẹ́ dára. Ohun tí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ Ẹtì ló máa sọ fún ẹ lọ́jọ́ Ajé, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tí ìyá rẹ wà lóyún rẹ.

Kíláàsì tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, lábẹ́ páànù tó máa ń gbóná. Ọmọ mẹ́fà, jáàsì kan, aro ńlá rẹ̀ ti sán láti etí dé ìdajì. Mo gé táyà mọ́ pátákó fún àwọn tí kò tíì kàn. Àwọn òbí wọn fẹ́ kí wọ́n lù lọ́jọ́ Àjíǹde, nínú oṣù kan. Mo máa ń sọ pé ó dáa, mo sì máa ń gbé wọn sídìí táyà.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, ọlọ́wọ́ òsì. Bàbá rẹ̀ bi mí bóyá mo lè yí ọwọ́ rẹ̀ padà, torí bí àwọn àgbà ìjọ ṣe ń wò ó. Mo ní ìlù ló fẹ́ lù, kì í ṣe pé ó fẹ́ fọwọ́ òsì gbé nǹkan fún wọn. Ọmọ náà yára, ó yára jù. Tó bá ti rí àyè báyìí, aro ló ń lọ bá. Mo gba igi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó jókòó sẹ́yìn mi kó máa wo ẹsẹ̀ mi, kó sì máa fẹnu pè é. Dùùm, ka. Dù-dùùm, ka. Ojú rẹ̀ wú. Kó má baà sunkún ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Aronoff fún gbogbo wọn, láti ìgbà tẹlifíṣọ̀n títí dé ìgbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé tó ní òun ò lọ.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Ọmọ náà nu imú rẹ̀.

"Ọ́ńkù, wọn ò sanwó fún un rárá?"

Mo ní òun ló ní kí wọ́n má san án.

"Kí ló wá ń jẹ?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo da igi rẹ̀ padà fún un, mo gbé klíìkì sí 60, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.